Ẹnu Kà Á, Inú Kò Gbọ́

Kò sí ọmọ tó ń kàwé bíi Mounifatou ní abúlé wọn, lójú ọ̀nà Sanson. Bí ó bá ṣí ìwé, èdè Faransé a máa tú jáde lẹ́nu rẹ̀ wẹrẹwẹrẹ bí àgbàdo tó ń dà láti inú àpò. Kò ní í kọsẹ̀, kò ní í kólòlò. Bàbá rẹ̀, Chérifou, tí kò lọ sí ilé-ìwé rí, a máa dúró lẹ́yìn rẹ̀, a máa mi orí bí ẹni pé òun náà ń bá a kà á. Ìwé tí wọ́n bá pín nígbà abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìkéde tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ara igi mángòrò ní àárín abúlé, ohunkóhun tí lẹ́tà bá wà lára rẹ̀, ọ̀dọ̀ ọmọ náà ni wọ́n ń gbé e wá.

"Ọmọ yìí ni ojú ilé wa," ni Chérifou máa ń wí fún àlejò.

CM2 ni Mounifatou wà, kíláàsì tó kẹ́yìn ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ti ń jáde lọ ṣe ìdánwò CEP. Àwọn olùkọ́ tó kọ́ ọ sẹ́yìn kì í bi í ní ìbéèrè. Wọn a ní kó dìde, a kà á, wọn a ní kí àwọn yòókù pàtẹ́wọ́ fún un, ó parí.

Àfi ọdún tí Madame Èyítáyọ̀ dé.

Obìnrin ará Ṣábẹ̀ ni. Alùpùpù ló ń gùn, kì í pariwo, kì í sì í yára gbóríyìn fún ènìyàn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọ́kọ́ dé, ó ní kí Mounifatou ka ìtàn obìnrin kan tó pọn omi láti ọ̀nà jíjìn, tó sì sáré gbé ìkòkò omi náà pamọ́ nígbà tí àlejò yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Mounifatou kà á. Ohùn rẹ̀ gba gbogbo iyàrá. Bí ó ti parí, ó ń retí àtẹ́wọ́. Madame na ọwọ́, ó rọra pa ìwé náà dé.

"O ṣeun. Kí ló dé tí obìnrin náà fi gbé omi pamọ́?"

Mounifatou wo ẹ̀yìn ìwé. Ó la ẹnu, gbólóhùn àkọ́kọ́ inú ìtàn náà sì jáde, ìkejì tẹ̀ lé e, ìkẹta, gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Bí ó bá ka nǹkan lẹ́ẹ̀kan báyìí, ó ti wà lórí rẹ̀ nìyẹn.

"Ọ̀rọ̀ inú ìwé nìyẹn," ni Madame wí. "Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ ni mò ń bi ọ́."

Taofic ló nawọ́ sókè láti ẹ̀yìn. Bí Taofic bá ń kàwé, bí ẹni tó ń rìn lórí ẹ̀gún ni, ìka rẹ̀ a máa tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, gbogbo kíláàsì a sì máa mí kanlẹ̀. Ó ní, "Omi ò tó, Madame. Bí àlejò bá mu ún, àwọn ọmọ rẹ̀ ò ní rí mu."

"Ṣé wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ síbẹ̀?"

"Rárá. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kànga ti gbẹ. Wọ́n sì ní ọmọ kékeré ń sunkún."

Madame mi orí. Kò sí ẹni tó fi Mounifatou rẹ́rìn-ín. Ìyẹn gan-an ló dùn ún. Ká ní wọ́n rẹ́rìn-ín ni, ì bá bínú, ọ̀rọ̀ ì bá sì tán.

Láti ọjọ́ náà ni ara rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́. Ó wá kọ́ bí a ti ń sá fún ìwé kíkà. Ó ń jẹ́ kí ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó lè bẹ̀rẹ̀ lọ he e, ó ń tọrọ ààyè láti jáde, bí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè, a dúró díẹ̀ kí ẹlòmíì lè dáhùn, lẹ́yìn náà a ní, "Ohun tí mo fẹ́ sọ náà nìyẹn." Nílé, iṣẹ́ kan kì í parí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Yóò gbá àgbàlá dé ìdajì, yóò lọ gbé garawa, yóò gbàgbé ìdí tó fi gbé e.

Madame rí gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, nígbà tí wọ́n jáde ṣeré, ó pè é sí abẹ́ igi.

"Ohùn rẹ dára," ó ní. "Èmi ò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí a ń retí lọ́dọ̀ ọmọ CM2 ju ohùn lọ. Tí o bá ka nǹkan tán, ó yẹ kí o lè fi ẹnu ara rẹ ròyìn rẹ̀ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀. Tí o bá pàdé ọ̀rọ̀ tí o ò mọ̀, kí o dúró níwájú rẹ̀, kí o wo ẹbí tó ti jáde wá. Tí ọ̀nà bá dàrú mọ́ ọ lójú, kí o padà síbi tó ti yé ọ kẹ́yìn. Ṣé o máa ń dúró?"

"Rárá, Madame."

"Kí ló dé?"

Mounifatou ń fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀. "Tí mo bá dúró, wọ́n á ní mi ò mọ̀ ọ́n kà."

Madame bi í pé, "Àwọn wo?"

Agogo ilé-ìwé dún, Mounifatou sì sáré wọlé.

Ìgbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ni Chérifou kórè ẹ̀wà. Ọdún dára, àpò ẹ̀wà kún ìdí ògiri yàrá. Wọn kò fẹ́ fọwọ́ kàn án; iṣu àti àgbàdo ni wọ́n ń jẹ nílé, wọ́n ń retí àkókò tí ẹ̀wà yóò wọ́n lọ́jà. Ṣùgbọ́n kòkòrò ti ń wọ̀ ọ́. Bí èèyàn bá fi etí lé àpò, yóò gbọ́ wọn. Chérifou lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní apá Kika, ó sì mú oògùn ẹlẹ́bu bọ̀ nínú ọ̀rá, irú èyí tó ń gba ẹnubodè wọlé. Ọ̀rẹ́ náà kò mọ̀wé, ohun tó mọ̀ ni pé kòkòrò kì í yè é.

Chérifou pe Mounifatou sí àgbàlá. Ìyá rẹ̀, Alimatou, wà níbẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Aládùúgbò méjì kan tún jókòó.

"Bá wa kà á," ni bàbá wí.

Mounifatou gba ọ̀rá náà. Lẹ́tà rẹ̀ kéré, ó wà lábẹ́ àwòrán ẹ̀wà tó ń dán àti kòkòrò kan tí wọ́n fi ìlà gé kọjá. Ó kà á sókè, ó já geere: *Poudre réservée aux semences. Graines traitées : consommation interdite, même après lavage.* Àwọn aládùúgbò wo ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Kí ló wí?" ni Chérifou bi í.

Ó mọ *graines*, hóró ni. Ó mọ *lavage*, fífọ nǹkan ni. Ó mọ *interdite*, wọ́n kọ irú rẹ̀ sí ara ògiri ilé-ìwé pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe tọ̀ síbẹ̀. Ohun kan wà tí wọ́n ní kí a má ṣe. Ṣùgbọ́n kí ni? Ọ̀rọ̀ ńlá méjì wà láàárín tí kò yé e, wọ́n dúró gbọningbọnin bí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun dúró níwájú wọn. Bàbá rẹ̀ ń wo ẹnu rẹ̀. Àwọn aládùúgbò ń wo ẹnu rẹ̀.

"Ó ní ká dà á mọ́ ẹ̀wà, kòkòrò ò ní jẹ ẹ́," ó wí. Lẹ́yìn náà ó fi kún un pé, "Wọ́n ní ká má fi omi fọ̀ ọ́."

"Ta ló ń fọ ẹ̀wà inú àpò?" Chérifou rẹ́rìn-ín. "Ẹ wá nǹkan bo imú, ká dà á sí i."

Wọ́n dà á sí gbogbo àpò náà, èyí tí wọ́n fẹ́ gbìn àti èyí tí wọ́n fẹ́ tà. Ọ̀rá náà bá ìdọ̀tí lọ sínú iná.

Bẹ́ẹ̀ ni gbólóhùn náà wá ń gbé inú orí Mounifatou. Bí ó bá ń lọ pọn omi, ó ń lù lórí ìṣísẹ̀ rẹ̀: *consommation interdite, consommation interdite*. Adìẹ mélòó kan kú ní àgbàlá lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣa ẹ̀wà tó fọ́n sílẹ̀. Chérifou ní àrùn adìẹ ni, ó máa ń wáyé nígbà ọyẹ́, òótọ́ sì ni pé adìẹ àwọn ará ìsàlẹ̀ náà kú. Mounifatou di èyí mú. Síbẹ̀, lọ́jọ́ kan tí ilé-ìwé jáde, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà Madame, ó kan ilẹ̀kùn.

"Ṣé kò sí nǹkan?" ni Madame bi í.

Mounifatou wo ojú rẹ̀. Bí ó bá bèèrè ìtumọ̀ gbólóhùn náà, yóò ní láti sọ ibi tó ti rí i, àti ohun tó wí fún bàbá rẹ̀. "Mo ní kí n wá bèèrè bóyá ẹ fẹ́ omi," ó wí. Madame ní òun ní omi. Mounifatou yí padà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré.

Oṣù tó tẹ̀ lé e ni àbẹ̀wò dé. Ọ̀gá kan láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ń bọ̀ wá wo bí ọmọ CM2 ṣe ń kàwé. Dìrẹ́tọ̀ ilé-ìwé, Tonton Bassirou bí àwọn òbí ṣe ń pè é, ti sọ fún Madame ṣáájú: "Mounifatou ni kí o gbé dìde. Jẹ́ kó kà, kí ọ̀gá gbọ́, ká lè fọwọ́ sọ̀yà." Madame ní òun yóò kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ bí òun ṣe ń kọ́ wọn lójoojúmọ́.

Òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni ọjà Tchaourou bọ́ sí. Bí Mounifatou ṣe ń di bàtà rẹ̀, ó rí ìyá rẹ̀ tó ń di àpò ẹ̀wà kan mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù aládùúgbò.

"Ìyá, ṣé ẹ̀wà náà ni?"

"Tata Habibath tó ń se ìrẹsì àti ẹ̀wà nítòsí ibùdókọ̀ ló ránṣẹ́ pé òun fẹ́ àpò kan. Ẹ̀wà ti wọ́n." Alimatou gun ẹ̀yìn, ó fi gèlè bo imú nítorí eruku. "Kàwé dáadáa, ṣé o gbọ́? Bàbá rẹ ti ròyìn fún gbogbo ayé."

Wọ́n lọ. Eruku pupa bo ojú ọ̀nà, Mounifatou sì dúró níbẹ̀ títí tí ọ̀nà fi mọ́.

Ní kíláàsì, ọ̀gá náà jókòó sẹ́yìn lórí bẹ́ǹṣì ọmọdé, orúnkún rẹ̀ ga dé àyà. Dìrẹ́tọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Madame kò ṣí ìwé rárá. Ó kọ ọ̀rọ̀ kan sójú pátákó: *semer*.

"Ta ló mọ̀ ọ́n?"

Gbogbo ọmọ àgbẹ̀ ni. Wọ́n jùmọ̀ wí pé gbígbìn ni, kí a fọ́n irúgbìn sílẹ̀.

"Ó ní ẹbí. Ẹ wá wọn fún mi. Ẹni tó ń gbìn?"

"*Semeur*."

"Ohun tí a ń gbìn, tí a yà sọ́tọ̀ fún oko?"

Taofic ronú, ó fi ìka kọ ọ́ sórí tábìlì. "*Semence*, Madame."

Mounifatou gbé orí sókè. Madame ti kọ ọ̀rọ̀ mìíràn sábẹ́ rẹ̀: *consommer*. Ó ṣàlàyé pé jíjẹ ni, mímu ni, kí a lo nǹkan tán. "Ẹni tó ń ṣe é, *consommateur*. Ìṣe náà fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

Kò sí ẹni tó nawọ́. Ṣùgbọ́n ohùn kan jáde, Mounifatou kò tilẹ̀ mọ̀ pé tòun ni. "*Consommation*."

"Ó dára, Mounifatou."

Kò dára. Ilẹ̀kùn méjèèjì ti ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì rí ohun tó wà nínú yàrá. Ó dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbólóhùn náà láti orí wá, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bó ṣe wà lára ọ̀rá. Dìrẹ́tọ̀ rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ọ̀gá àbẹ̀wò bí ẹni pé, ẹ ò rí i? Ọ̀gá náà kọ nǹkan sílẹ̀. Madame ní tirẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ju ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀.

"Níbo lo ti rí ọ̀rọ̀ yẹn?"

"Lára oògùn ẹ̀wà wa."

"Ẹ̀wà tí ẹ fẹ́ gbìn?"

"Gbogbo rẹ̀, Madame. Ìyá mi ti gbé àpò kan lọ sọ́jà láàárọ̀ yìí. Ọ̀dọ̀ Tata Habibath tó ń ta oúnjẹ." Ó jáde kúrò nídìí tábìlì. "Mi ò mọ̀ pé ohun tó ń sọ nìyẹn. Mi ò mọ̀."

Madame bèèrè fóònù. Ìyá Mounifatou kò ní; ti bàbá rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóko kajú, níbi tí ìpè kì í wọlé. Kò sí ẹni tó mọ nọ́ńbà Tata Habibath. Madame ti ń mú kọ́kọ́rọ́ alùpùpù rẹ̀.

"Èyítáyọ̀," ni dìrẹ́tọ̀ wí pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀, "jẹ́ kí àbẹ̀wò parí ná. Má ṣe é ní ojú àlejò."

"Tonton, àwọn èèyàn máa jẹun lọ́sàn-án yìí."

Ọ̀gá àbẹ̀wò ló dìde láti orí bẹ́ǹṣì. Ó he ṣọ́ọ̀kì nílẹ̀. "Ẹ máa lọ, Madame. Èmi á tẹ̀ síwájú pẹ̀lú wọn."

Ọ̀nà náà burú, wọ́n ń bọ́ sínú kòtò, wọ́n ń jáde. Mounifatou di ìbàdí Madame mú. Lẹ́yìn rẹ̀, láàárín ariwo ẹ́ńjìnnì, ó sọ gbogbo rẹ̀: àwòrán ara ọ̀rá, àwọn aládùúgbò tó ń wo ẹnu rẹ̀, ọ̀rọ̀ pé kí a má fi omi fọ̀ ọ́, àwọn adìẹ, ọjọ́ tó kan ilẹ̀kùn. Kò mọ̀ bóyá Madame gbọ́. Nígbà tí ọkọ̀ ajàgbé kan dí ọ̀nà mọ́ wọn, tí wọ́n ní láti dúró, Madame kò yí ojú padà, ó kàn wí pé, "Ọjọ́ tí o wá bèèrè omi. Mo rí i pé kì í ṣe omi. Ó yẹ kí n bi ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i." Ọkọ̀ náà sún, wọ́n tún gbéra. Gbogbo ohun tó wà lójú ọ̀nà ló lọ́ra lójú Mounifatou: màlúù àwọn Fúlàní tó ń sọdá, obìnrin tó ru igi, afárá tí wọ́n ń rọra gbà kọjá. Ó fẹ́ bọ́ sílẹ̀ kó fi ẹsẹ̀ sáré.

Wọ́n bá Alimatou ní ẹnu ọjà, ó ń ra iyọ̀. Àpò kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ó rí ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn olùkọ́, àyà rẹ̀ já.

"Kí ló ṣe é? Ṣé ó ṣàìsàn ni?"

"Ìyá, ẹ̀wà náà dà?" ni Mounifatou bi í.

"Habibath ti gbà á. Ó ti da díẹ̀ sórí iná kí n tó kúrò níbẹ̀."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sáré. Abẹ́ àtíbàbà Tata Habibath kún fún awakọ̀ tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, àwo wà níwájú wọn, òfìfo. Ìkòkò ńlá kan ń hó lórí ààrò. Habibath, obìnrin sísanra kan tó fi aṣọ di orí, ti gbé ìgbakọ dání, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bù.

"Tata, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bù ú," ni Madame wí. "Oògùn wà lára ẹ̀wà yẹn."

"Oògùn kòkòrò," Habibath ní. "Alimatou sọ fún mi. Ta ni kì í fi oògùn kòkòrò sí ẹ̀wà? Mo fọ̀ ọ́, mo tún un fọ̀, omi rẹ̀ mọ́ gaara."

"Oògùn yìí yàtọ̀."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ìwọ rí i?" Ó wo aṣọ Madame, ó wo eruku tó bò ó. "Àwọn èèyàn ń dúró dè mí. Ìwé oògùn náà dà?"

Ìwé kò sí. Ọ̀rá ti jóná látijọ́. Madame wo Mounifatou. Awakọ̀ kan ti ń fi ṣíbí lu àwo.

Mounifatou bọ́ síwájú. Ó ka gbólóhùn náà ní Faransé, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò jẹ́ kó ṣàn. Ó dúró níbi tó yẹ kó dúró. Lẹ́yìn náà ó fi èdè ilé sọ ọ́, díẹ̀díẹ̀, ó ń wá ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn.

"Wọ́n ní ẹ̀wà tí a fẹ́ gbìn nìkan ni oògùn yìí wà fún. Wọ́n ní hóró tí oògùn yìí bá ti kàn, a ò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́." Ó nawọ́ sí ìkòkò. "Wọ́n ní, bí a tiẹ̀ fọ̀ ọ́ pàápàá."

Awakọ̀ náà dáwọ́ ṣíbí dúró.

"Kí ló wá dé tí bàbá rẹ fi dà á sí èyí tó fẹ́ tà?" ni Habibath bi í.

Ìyá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń mí sókè sódò. Àwọn èèyàn ti pọ̀ yí wọn ká.

"Èmi ni mo kà á fún un," ni Mounifatou wí. "Mo kà á, kò yé mi. Mo sọ ohun mìíràn fún un."

Habibath wo ọmọ náà láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo ìkòkò. Ó fi aṣọ di etí ìkòkò náà méjèèjì mú, ó gbé e kúrò lórí iná, ó gbé e dé ẹ̀yìn àtíbàbà, ó ní kí wọ́n bá òun gbẹ́ ihò. Ìgbà tó nàró ni ó di òpó àtíbàbà mú.

"Mo ti tọ́ ọ wò," ó ní. "Ebi ń pa mí láàárọ̀. Mo bu díẹ̀ jẹ."

Alùpùpù Madame ló gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Alimatou àti Mounifatou fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Ní ìloro ilé ìwòsàn, Mounifatou kò lè jókòó. Ó rìn dé ibi ẹ̀rọ omi, ó padà, ó rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n gbọ́ tí Habibath ń bì nínú. Nọ́ọ̀sì jáde, ó bi wọ́n ní orúkọ oògùn náà, Mounifatou sì ka gbogbo ohun tó wà lára ọ̀rá fún un láti orí, títí kan àwọn lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó wà nísàlẹ̀, tí bàbá rẹ̀ kò bèèrè lọ́jọ́ náà. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì yára wọlé. Alimatou kò bá ọmọ rẹ̀ wí. Ó kàn mú tẹ̀sùbáà rẹ̀ jáde, ó ń kà á, ètè rẹ̀ ń mì.

Ìrọ̀lẹ́ ni Chérifou dé láti oko, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́. Wọ́n ti sọ fún un. Nọ́ọ̀sì ti jáde wí pé ara Habibath ti ń rọlẹ̀, pé díẹ̀ ló jẹ, pé àwọn yóò dá a dúró di ọ̀la. Chérifou wọlé lọ kí i, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó jókòó lórí pèpéle lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀.

"Mo bi ọ́ pé kí ló wí," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"O dá mi lóhùn."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi pé o ò mọ̀?"

Mounifatou ń fa okùn bàtà rẹ̀. "Ẹ ti sọ fún gbogbo èèyàn pé mo mọ̀."

Chérifou wo ọwọ́ ara rẹ̀ tí oje kajú ti sọ di dúdú. "Mo sọ bẹ́ẹ̀," ó wí. "Mo sọ ọ́ káàkiri." Kò dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Wọ́n ya àpò kan sọ́tọ̀ fún gbígbìn, wọ́n sì gbẹ́ ihò jíjìn fún ìyókù. Chérifou fúnra rẹ̀ lọ láti ilé dé ilé, ó ń sọ fún ẹni tó bá lo irú oògùn náà. Ìtìjú ńlá ni, ṣùgbọ́n ó ṣe é. Ilé kan wà tí wọ́n ti fẹ́ se ẹ̀wà tiwọn ní ọjọ́ kejì. Dìrẹ́tọ̀ bínú sí Madame fún ìgbà díẹ̀, títí ìwé ọ̀gá àbẹ̀wò fi dé. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kò tíì rí ẹ̀kọ́ ìwé kíkà tó wúlò tó bẹ́ẹ̀ rí. Dìrẹ́tọ̀ lẹ ìwé náà mọ́ ògiri ọ́fíìsì.

Mounifatou kì í kàwé wẹrẹwẹrẹ mọ́. Bí wọ́n bá gbé nǹkan wá fún un, yóò kọ́kọ́ fi ojú kà á, yóò padà sẹ́yìn, yóò tún padà. Àwọn ará abúlé ń ráhùn pé Madame ti ba ohùn ọmọ náà jẹ́. Nígbà mìíràn ó máa ń sọ fún wọn pé, "Èyí ò yé mi. Ẹ jẹ́ kí n bèèrè ná." Ìgbà àkọ́kọ́ tó sọ ọ́, ojú tì í débi tó fi sunkún lẹ́yìn ilé. Ìgbà kejì, kò sunkún. Nínú oṣù kẹfà ó ṣe CEP, ó yege, kì í ṣe òun ló ṣe ipò kìn-ín-ní. Taofic ló gba ìyẹn.

Nígbà ìsinmi, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun fẹ́ máa lọ ran Tata Habibath lọ́wọ́ lọ́jọ́ ọjà. Alimatou ní kò sí ẹni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Mounifatou ní òun mọ̀. Habibath gbà á, kò bèèrè ìdí, ó fún un ní àwo láti fọ̀. Ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ náà kì í jáde láàárín wọn, àfi lọ́jọ́ kan tí ọwọ́ dilẹ̀ díẹ̀, tí Habibath dédé bi í pé, "Ká ní mo kú ńkọ́?"

Habibath kò dúró de èsì. Ó gbé àwo ìrẹsì àti ẹ̀wà méjì fún un, ó ní kó gbé e fún àwọn awakọ̀ tó wà lábẹ́ igi.

Ó gbé e fún wọn. Lẹ́yìn náà ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́ tó ti gbẹ tipẹ́, ó ń wo ojú àwọn méjèèjì bí wọ́n ṣe ń jẹ, kò sì kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi jẹ tán.